Ẹ́ńjìnnì Dyna nínú Land Cruiser FJ60: ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíá ló ni iṣẹ́

Ìbéèrè òǹkàwé kan láti Ìbàdàn: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Land Cruiser FJ60 ọdún 1985 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 2F oníbẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀. Ó ń mu epo bí ẹni pé ihò wà nídìí táǹkì. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 14B tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù Toyota Dyna, pé Toyota kan náà ni wọ́n, yóò wọlé wẹ́rẹ́, ọjọ́ mẹ́ta péré, ọkọ̀ á sì túbọ̀ lágbára. Ẹlòmíì ní kí n wá Cummins ti jẹnẹrétọ̀. Oko ni mo ń fi ọkọ̀ náà lọ ní ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Ṣé kí n ṣe é?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀ náà. Ìbéèrè kan lẹ béèrè, àmọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ṣé dísẹ́ẹ̀lì yóò dín owó epo kù, ṣé yóò fi kún agbára ọkọ̀, àti ṣé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni lóòótọ́. Ti owó epo, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ń rìn púpọ̀. Ti agbára, rárá. Ti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má gbà á gbọ́ rárá, nítorí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti ka gbígbé ẹ́ńjìnnì sókè àti gbígbé e sọ̀ kalẹ̀ nìkan. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ohun tó rọrùn jù láti rà nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn nǹkan kéékèèké tó so ó mọ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń jẹ owó, àwọn náà ló sì ń mú kí ọkọ̀ tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà máa sùn lọ́gbà mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ agbára, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. 2F tí ẹ ní jẹ́ 4,230 cc, agbára rẹ̀ tó nǹkan bíi 135 horsepower, agbára tó fi ń lọ́ ṣáàfùtì sì tó nǹkan bíi 285 Nm. 14B tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) jẹ́ 3,661 cc, nǹkan bíi 98 horsepower àti 240 Nm. Ẹ rí i pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yìí kéré sí ti yín lọ́nà méjèèjì. Kí ló wá dé tí Dyna fi ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun òkè láìmira? Gíá Dyna àti dìfù ẹ̀yìn rẹ̀ (àpótí eyín tó ń gba agbára lọ́wọ́ ṣáàfùtì fún táyà) ni. Wọ́n ṣe wọ́n kí ẹ́ńjìnnì lè yí lọ́pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ náà kì í sì í sáré. Tí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnnì nìkan, ẹ fi gíá àti dìfù sílẹ̀ sára Dyna, ìdajì ohun tó ń gbé ẹrù lẹ fi sílẹ̀ yẹn. Ohun tí ẹ máa jèrè ni pé 14B ń fa ọkọ̀ dáadáa láti ìsàlẹ̀, ní nǹkan bíi 1,800 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ẹrẹ̀ àti ní ọ̀nà oko, ìyẹn dára púpọ̀. Ní ọ̀nà márosẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lórí òkè, ẹ máa mọ̀ pé ẹ ti pàdánù nǹkan.

Ní ti epo, 2F tó ṣì dára máa ń mu nǹkan bíi lítà 18 sí 20 fún 100 kìlómítà. 14B nínú ọkọ̀ tó wúwo báyìí yóò mu nǹkan bíi 11 sí 12. Ṣùgbọ́n lítà dísẹ́ẹ̀lì wọ́n ju ti bẹntiróòlù lọ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹ má ka lítà nìkan. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi 12 pín 20, ó fẹ́ tó 1.7. Bí owó lítà dísẹ́ẹ̀lì kan bá ti fẹ́ tó ìlọ́po 1.7 owó lítà bẹntiróòlù, èrè ti tán nìyẹn. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ mú owó tó kù fún yín lórí 100 kìlómítà, kí ẹ fi pín gbogbo owó tí iṣẹ́ yìí máa ná yín. Iye 100 kìlómítà tí ẹ gbọ́dọ̀ rìn kí owó yín tó padà nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sí oko lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè rí i pé ọdún méje ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi 2F yín léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì 2F tó ń mu lítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń ṣàìsàn ni, kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ẹ yẹ kábúrétọ̀ wò bóyá epo ń jò wọ inú ẹ́ńjìnnì, bóyá ṣóòkù rẹ̀ kì í ṣí tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ààyè fáàfù ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná: 0.20 mm fún èyí tó ń gba atẹ́gùn wọlé, 0.35 mm fún èyí tó ń lé èéfín jáde. Ẹ wọn kọ́mpúrẹ́ṣọ̀nù sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún atẹ́gùn mọ́ra tó. Tí gbogbo wọn bá sún mọ́ra, àtúnṣe kékeré ló kù, owó rẹ̀ kò sì ní tó ìdámẹ́rin owó ìpààrọ̀. Tí méjì tàbí mẹ́ta bá ti kú, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó bọ́ sí àsìkò, torí ẹ máa náwó lórí ẹ́ńjìnnì lọ́nàkọnà.

Pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Toyota fúnra rẹ̀ ta ọkọ̀ yín kan náà pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì: BJ60 ni wọ́n pè é, ẹ́ńjìnnì 3B ló wà nínú rẹ̀, ẹbí kan náà sì ni 3B àti 14B. Ní Brazil, Land Cruiser tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bandeirante, lo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó gbé 14B gan-an sínú rẹ̀ láti 1994 títí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2001. Ohun tó ń fa wàhálà ni agogo irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíá, èyí tí wọ́n ń pè ní bell housing. Gíá FJ60 àti ti BJ60 jọ ara wọn, ṣùgbọ́n bell housing 2F kò bá ẹ̀yìn 14B mu. Èyí tó bá Dyna wá bá ẹ̀yìn 14B mu, ṣùgbọ́n kò bá gíá yín mu. Èyí tí ẹ nílò ni ti BJ60 tàbí ti Land Cruiser mìíràn tó lo 3B, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Tí ọjà bá ní 14B mẹ́wàá, ó lè má ní ẹyọ kan nínú bell housing yìí. Ẹ wá a kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi irin pẹlẹbẹ gé àfikún sí àárín wọn lójú lásán. Tí àárín ẹ́ńjìnnì àti àárín gíá bá yẹ̀ díẹ̀ síra wọn, bẹ́rìǹ iwájú gíá á jẹ, díìsìkì kílọ́ọ̀ṣì á fọ́, ẹ ó sì máa pààrọ̀ wọn lóòrèkóòrè láìmọ ohun tó ń jẹ wọ́n.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè gbé gíá Dyna wọlé mọ́ ọn. Gíá yẹn ń ti táyà ẹ̀yìn nìkan, kò sí ibi tí transfer máa gbé jókòó lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ transfer ló ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá lò ó, ọkọ̀ yín kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì mọ́. Gíá yín ni kó dúró sí ibi tí Toyota fi sí, kí ẹ́ńjìnnì wá bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ṣáàfùtì iwájú àti ẹ̀yìn kò fi ní nílò gígé tàbí fífà gùn, ọ̀pá gíá á sì jáde sí ojú ihò rẹ̀. Kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, ẹ ka eyín tó wà lẹ́nu ọ̀pá gíá, kí ẹ ka ti inú díìsìkì kílọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ sì wọn bẹ́rìǹ kékeré tó wà láàárín fíláwíìlì, irin ńlá róbótó tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì: ìta rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀pá gíá mu. Ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń gbàgbé, tí wọ́n á tún sọ gíá kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn èyí ni ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá tán, kó ṣì rọ̀ lórí ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n tó jó irin kankan mọ́ ṣáásì. Nígbà tó bá ń rọ̀ báyìí ni kí ẹ wo ikùn sọ́ńpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Sọ́ńpù Dyna kò mọ̀ pé dìfù máa wà níwájú òun. Nígbà tí sípíríǹgì iwájú bá rọ̀ wọlé nínú kòtò, dìfù yóò gbéra sókè, tí àyè tó wà láàárín wọn kò bá tó, yóò kan sọ́ńpù títí tí yóò fi lù. Tí ẹ bá rí sọ́ńpù àti ọ̀pá tí ń fa ọ́ìlì ti 3B inú Land Cruiser, òun ni kí ẹ lò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ihò bóòtì wọn bára mu. Ẹ wo ibi tí ẹnu èéfín kọjú sí, kó má gbá àpótí sítíárìn. Ẹ wo fáànù pẹ̀lú rédíétọ̀, kí àárín wọn fẹ̀ tó ìka méjì ó kéré tán. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó tóbi báyìí máa ń gbọ̀n, pàápàá tí kò bá tíì sáré. Nítorí náà rọ́bà sítìn (èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé) ti BJ60 ni kí ẹ wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin ṣáá dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo páánù ọkọ̀ ni yóò máa pariwo, ṣáásì á sì sán níbi tí wọ́n jó. Irin tó nípọn tó 6 mm sí 8 mm ni kí jórinjórin lò fún ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó jó o ní òòró ṣáásì, kí ó sì tú orí bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ ni bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fa atẹ́gùn gba ojú kábúrétọ̀ tó há, ìfàmọ́ra yẹn ni fákúùmù tí bọ́ọ̀sítà bíréèkì fi ń ràn yín lọ́wọ́. Dísẹ́ẹ̀lì kò há ojú atẹ́gùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá kàn fi rọ́bà bọ́ọ̀sítà sí ẹnu máníífóòdù (ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé) 14B, ọkọ̀ á rìn, bíréèkì á sì le bí òkúta ní ìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an. Ẹ́ńjìnnì yìí nílò pọ́ǹpù fákúùmù, èyí tó sábà máa ń wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀ nínú ẹbí rẹ̀, tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń wọ inú rẹ̀ láti fi lọ̀ ọ́, tó sì ń padà sí sọ́ńpù. Ẹ rí i pé rọ́bà ọ́ìlì méjèèjì pé, wọ́n kò sì ká. Fáàfù kékeré tó wà lójú rọ́bà bọ́ọ̀sítà gbọ́dọ̀ kọjú síbi tó yẹ. Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀márùn-ún títí yóò fi le, ẹ fi ẹsẹ̀ tì í mọ́lẹ̀, kí ẹ wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí kò bá wọlẹ̀, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde ní ọgbà, kódà kí gbogbo nǹkan yòókù dára.

Ọ̀rọ̀ ọ́tánétọ̀ yìí kan iná. Dyna púpọ̀ jẹ́ fóòtì 24, FJ60 yín jẹ́ 12. Ẹ wo ara sítátà, ọ́tánétọ̀ àti ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì, a máa kọ ọ́ sí wọn lára. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí ẹ sọ gbogbo wọn di 12, kí ẹ wá sítátà àti ọ́tánétọ̀ oní-fóòtì 12 ti 3B, èyí tó ní pọ́ǹpù fákúùmù lẹ́yìn. Àwọn rewáyà kan á ní kí ẹ so bátìrì méjì pọ̀ fún sítátà, kí ẹ wá máa fa 12 láti ara ọ̀kan fún iná àti rédíò. Ẹ má gbà. Bátìrì tí ẹ ń fà yẹn kò ní kún láé, èkejì á máa hó nítorí iná àpọ̀jù, méjèèjì á sì kú láìpẹ́.

Táǹkì náà ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ. Bẹntiróòlù tó bá ṣẹ́kù yóò wọ inú pọ́ǹpù, yóò sì fọ ọ̀rá dísẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo irin ibẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀nà tí epo ń gbà padà sí táǹkì là gbangba, torí nọ́súlù tó ń fọ́n epo àti pọ́ǹpù máa ń dá èyí tí wọn kò lò padà. Ẹ pààrọ̀ àwọn rọ́bà epo sí èyí tí dísẹ́ẹ̀lì kò lè jẹ, kí ẹ sì fi àṣẹ́ tó ń ya omi sọ́tọ̀ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ yín ti lè dé e láti tú omi dànù. Dísẹ́ẹ̀lì tí omi wà nínú rẹ̀ ló ń pa pọ́ǹpù jù ọjọ́ orí lọ. Nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń tanná, yíyí kọ́kọ́rọ́ nìkan kò lè pa á bí kò bá sí ohun tó ń dí epo. Kódà bí ti iná bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún fa wáyà kan wọ inú ọkọ̀ láti ara apá tó ń pa pọ́ǹpù, fún ọjọ́ tí iná bá kọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí omi: ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ tẹ́mọ́sítáàtì dànù. Ó ti di àṣà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa, wọ́n ní ooru ibí kò nílò rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò gbóná dé ìwọ̀n kì í jó epo rẹ̀ tán, epo tí kò jó yìí ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, ríìngì á sì jẹ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú padà sínú ẹ́ńjìnnì láì kọjá nínú rédíétọ̀, kí ọkọ̀ wá gbóná lórí òkè, kí wọ́n tún máa bú rédíétọ̀ yín.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ mọ dìfù tí ẹ ní. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, kí èkejì wà nílẹ̀ pẹ̀lú òkúta níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, kí gíá wà ní ọ̀fẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà tó wà lókè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnìkan máa ka bí ṣáàfùtì ṣe ń yí. Tó bá yí díẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ, 4.11 ni. Tí kò bá pé mẹ́rin, 3.70 ni. Pẹ̀lú táyà 7.50R16 àti gíá onípele mẹ́rin tí FJ60 ń lò, 100 kìlómítà ní wákàtí kan máa jẹ́ nǹkan bíi 2,740 ìyípo lórí 4.11, àti 2,470 lórí 3.70. 3,400 ni wọ́n ti wọn agbára 14B, nítorí náà ó lè gbà á, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ á pọ̀. Gíá onípele márùn-ún H55F tó bá irú Land Cruiser yín mu ní ìpele karùn-ún 0.845, yóò sọ 2,740 yẹn di nǹkan bíi 2,315. Ọ̀wọ́n ni o, àmọ́ bí ẹ bá rí i, òun ló dára jù láti fi owó ṣe lẹ́yìn bíréèkì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti sítáàtì, tó ti gbóná dè yín. Ẹ fọwọ́ kan bọ́lọ́ọ̀kù rẹ̀, kó tutù, kí wọ́n wá sítáàtì rẹ̀ níṣojú yín. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ń sọ pé epo kò jó tán. Búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó, dúdú ń sọ ti nọ́súlù tàbí pọ́ǹpù. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì kí ẹ gbé e lé ẹnu ihò rẹ̀ láì dè é: tí atẹ́gùn bá ń ta á nù, ríìngì ti jẹ. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ́mpúrẹ́ṣọ̀nù, bí sílíńdà kan bá sì fi ju nǹkan bíi bar 3 rẹlẹ̀ sí èyí tó ga jù, ẹ máa lọ. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, nítorí ìwé ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ yí padà sí nọ́ńbà tuntun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọlọ́pàá tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò rò pé ẹ jí i.

Ti Cummins jẹnẹrétọ̀, mo ní kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Cummins 4BT oní 3.9 lítà jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó lágbára gan-an, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì kiri láti fi sínú Land Cruiser. Ṣùgbọ́n ti jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀. Wọ́n ṣe pọ́ǹpù rẹ̀ kó dúró lójú kan ní 1,500 ìyípo, torí iye yẹn ló ń mú iná 50 Hz jáde. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ tòròtù. Fíláwíìlì rẹ̀ kò ní ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ń gbé jókòó, kò ní pọ́ǹpù fákúùmù, ó sì wúwo tó nǹkan bíi 340 kìlógíráàmù. Èyí tó wù mí ju 14B lọ fún yín ni 1HZ tó wà nínú bọ́ọ̀sì Coaster: sílíńdà mẹ́fà, 4,164 cc, nǹkan bíi 285 Nm, tó jẹ́ pé ẹ kò ní pàdánù agbára ìfà 2F, kì í sì í gbọ̀n. Toyota ti so ó mọ́ H55F nínú Land Cruiser HZJ75, nítorí náà bell housing tirẹ̀ wà níbìkan. Owó rẹ̀ ga, bẹ́lítì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yí padà ní gbogbo 100,000 kìlómítà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi tọ́bò sí 14B lásán, ẹ sọ fún un pé 14B-T tí Toyota fúnra rẹ̀ fi tọ́bò sí kì í ṣe 14B lásán tí wọ́n kàn gbé tọ́bò lé. Bí ẹ bá ṣe é dandan, kó má ju bar 0.5 lọ, kí aago ooru èéfín sì wà níwájú yín, kó má dúró lókè 700 °C.

N kò rí ṣáásì yín láti ibí. FJ60 tó ti pé ogójì ọdún lè ti dípẹtà lábẹ́ ibi tí sítìn máa jókòó, kò sì sí ẹ́ńjìnnì tó tọ́ sí ṣáásì tó ti jẹ. Kí ẹ fi òòlù kan ibẹ̀ gbọ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Tó bá dún gan-gan, tí kọ́mpúrẹ́ṣọ̀nù 2F sì ti kú, ẹ mú díìsìkì kílọ́ọ̀ṣì yín àti teépù ìwọ̀n dání lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, Ìbàdàn, tí ẹ kò bá rí i níbẹ̀ kí ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó. Bell housing 3B ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ẹ má dárúkọ ẹ́ńjìnnì fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi rí i.